Fáìlì Ṣí Lóòótọ́, Àmọ́ Ṣé Túùlù Méjèèjì Gbọ́ra Wọn Yé?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ìgbà tá a ti sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń ya ṣíìpù, ìbéèrè tó ń wọlé jù kì í ṣe nípa tíránsístọ̀ rárá, fáìlì ni. Fáìlì ṣá. Pé mo ṣiṣẹ́ nínú túùlù báyìí, ìyẹn sọ́fítíwíà tá a fi ń ya ṣíìpù, mo gbé e lọ sínú tọ̀hún, ó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti kó àwọn tó jọra pọ̀, mo gé díẹ̀ kúrò nínú àwọn tó gùn, ẹ má bínú sí mi. Ẹni tí mi ò bá dáhùn tiẹ̀, kó wo ti ẹlòmíì dáadáa, ó ṣeé ṣe kó bá tiẹ̀ ńbẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn. VHDL, èdè tá a fi ń kọ bí ṣíìpù á ṣe ṣiṣẹ́, ni mo fi kọ dìsáìnì mi, túùlù tí mò ń lò sọ ọ́ di netlist, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn géètì (ẹ̀yà kéékèèké inú ṣíìpù) àti wáyà tó so wọ́n pọ̀, mo wá kó o jáde ní EDIF, irú fáìlì kan tí wọ́n fi ń gbé netlist, torí ọ̀gá mi ní stáńdáàdì ni, pé ibi gbogbo ló ti máa ṣí. Ó ṣí lóòótọ́ o. Àmọ́ orúkọ àwọn wáyà mi ti yí padà, èyí tó jẹ́ data[3] ti di data_3_, èyí tí mo fi lẹ́tà ńlá kọ ti di lẹ́tà kékeré. Kí ló dé tí gbogbo àwọn ilé iṣẹ́ yìí ò kàn fẹnu kò sórí fáìlì kan ṣoṣo?

Ìdáhùn: Àbúrò, wọ́n ti fẹnu kò rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. EDIF tó o mú dání yẹn gan-an wà lára ìfẹnukò ọ̀hún. Ọdún 1983 ni Motorola, Texas Instruments, Tektronix àti National Semiconductor, pẹ̀lú Daisy àti Mentor tí àwọn ń ta sọ́fítíwíà, àti yunifásítì Berkeley, jọ jókòó pé ọ̀rọ̀ yìí ti sú àwọn. Wò ó báyìí, tí túùlù bá jẹ́ mẹ́wàá tí kálukú sì ní fáìlì tiẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo wọn máa bára wọn sọ̀rọ̀ á kọ atúmọ̀ àádọ́rùn-ún, àlọ àti àbọ̀, àmọ́ tí èdè kan bá wà láàárín tí gbogbo wọn gbọ́, ogún péré ló kù. Ìṣirò yẹn dùn-ún gbọ́, àbí? Òun ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe EDIF. Ẹ̀dà tí ayé mọ̀ jù, ìyẹn 2 0 0, di stáńdáàdì ANSI/EIA, àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe stáńdáàdì ní Amẹ́ríkà, ní 1988.

Ibi tó ti dojú rú ni pé EDIF fàyè gba nǹkan púpọ̀ jù. Nǹkan kan ṣoṣo, èèyàn lè gba ọ̀nà mẹ́ta mẹ́rin kọ ọ́, gbogbo ẹ̀ ló sì bófin mu. Ẹni tó ń kó fáìlì jáde mú ọ̀nà kan, ẹni tó ń kó o wọlé ò retí ìyẹn rárá, ọ̀nà míì ló mọ̀. Tó o bá ní kó o dá ẹjọ́, o ò ní rí ẹni tó jẹ̀bi, àwọn méjèèjì ló tẹ̀ lé ìwé, wọn ò kàn gbọ́ra wọn yé ni. Nígbà tó yá ẹnu àwọn èèyàn yí padà, wọ́n ń sọ pé EDIF ti ilé iṣẹ́ lágbájá, EDIF ti ilé iṣẹ́ tàmẹ̀dù. Nígbà tí stáńdáàdì bá ti wá ní ẹ̀yà báyìí, kí ló tún kù tá a fẹ́ máa pè é?

Ọ̀rọ̀ orúkọ tó ń yí padà wá ńkọ́? Nínú VHDL, Reset àti reset nǹkan kan náà ni, kò ka lẹ́tà ńlá sí. Nínú Verilog, èdè kejì irú ẹ̀, wáyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, tó o bá so ọ̀kan tó ò so èkejì, o ti wọ gbèsè nìyẹn. EDIF ní tiẹ̀ ò gbà kí orúkọ ní ju lẹ́tà, nọ́ńbà àti ìlà ìsàlẹ̀ lọ, tó bá sì jẹ́ nọ́ńbà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àfi kó o fi àmì & ṣíwájú ẹ̀. Torí náà data[3] ò lè wọlé bó ṣe wà. Túùlù tó kó o jáde á kọ rename data_3_ "data[3]", ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé orúkọ tí mò ń pè é níbí ni data_3_ àmọ́ orúkọ ẹ̀ gan-an ni data[3]. Ẹni tó ń kà á gbọ́ apá àkọ́kọ́, ó fojú fo apá kejì. Ohun tó ṣe ẹ́ gan-an nìyẹn, kì í ṣe epè.

Àti pé fáìlì kan ṣoṣo tó ò ń wá yẹn, mi ò rò pé ó lè wà, torí ṣíìpù kì í ṣe nǹkan kan lójú gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń ro bí ọgbọ́n inú ẹ̀ á ṣe ṣiṣẹ́ ń wo Verilog tàbí VHDL, ẹni tó ń wo bí géètì kọ̀ọ̀kan ṣe yára tó ń ka Liberty, ẹni tó ń tò wọ́n sílẹ̀ ń wo LEF fún bí géètì ṣe rí lójú àti DEF fún ibi tó jókòó sí, SPEF ló ń sọ bí wáyà ṣe ń fa iná sẹ́yìn, SDC ló ń sọ ohun tí ìwọ fẹ́, ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá parí ni GDS wá dé, ìyẹn àwòrán lásán, igun mẹ́rin lórí igun mẹ́rin, tí fáàbù, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣíìpù gan-an, máa gbà. Ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dé, ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bí wọn.

Ní tìẹ, tí túùlù rẹ bá lè kó netlist jáde ní Verilog, fi EDIF sílẹ̀ jàre. Kó o sì má sọ wáyà ní orúkọ tí lẹ́tà ńlá nìkan fi yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì. Lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà, ìlà ìsàlẹ̀, ó ti tó.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Iṣẹ́ kan náà, SDC kan náà, mo gbé e láti orí PDK kan, ìyẹn àpò fáìlì tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ṣíìpù lọ́nà kan, lọ sórí òmíì láti fi wò ó. Lórí ti àkọ́kọ́, SKY130, gbogbo nǹkan dáa, aago mi jẹ́ 5 nanosecond. Lórí ASAP7 túùlù ní mi ò lè débẹ̀ láéláé, gbogbo ọ̀nà inú ṣíìpù ló pupa, ìyẹn ni pé wọn ò yára tó. Wọ́n ṣáà ní ASAP7 ló yẹ kó yára jù! Mi ò sì yí lẹ́tà kan padà o.

Ìdáhùn: Pé ẹ ò yí lẹ́tà kan padà yẹn gan-an ló dá a sílẹ̀. Ẹ lọ ṣí SDC yín. Ìlà yín ni create_clock -period 5, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ó dáa, 5 kí ni? Ìlà yẹn ò sọ. Àfi tí ẹ bá fi set_units kọ ọ́ sókè, túùlù á lọ wo inú fáìlì Liberty ni, ibi tí wọ́n kọ time_unit sí. Nínú ti SKY130, "1ns" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nínú ti ASAP7, "1ps" ni. Aago tó jẹ́ 200 MHz lánàá ti di 200 GHz lónìí, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ gan-an, pẹ̀lú gbogbo eré tó ń sá, nínú 5 picosecond kò lè rìn ju mìlímítà kan ààbọ̀ lọ, ẹ wá ń retí kí géètì ogún tò tẹ̀ lé ara wọn kí wọ́n sì parí iṣẹ́. Túùlù yín ò purọ́, kò ní dé ibẹ̀ láéláé lóòótọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ má fi arákùnrin yìí rẹ́rìn-ín, a ti ṣe é rí gbogbo wa. Yúnìtì wà níbi gbogbo, ojú kì í sì í rí i. DEF ní ìlà kan lókè, UNITS DISTANCE MICRONS 1000, ìyẹn ni pé nọ́ńbà ẹgbẹ̀rún kan ni maikúrọ́ọ̀nù kan. Ẹlòmíì 2000 ló ń kọ. SPEF ní *T_UNIT, *C_UNIT, *R_UNIT tiẹ̀. Kálukú ló sọ tiẹ̀, àfi SDC tó máa ń dákẹ́. Ẹ kọ set_units -time ns sókè fáìlì yín, túùlù tí yúnìtì ẹ̀ kò bá bá a mu á pariwo, ariwo yẹn lẹ fẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ sà. Mo ya nǹkan kékeré kan fúnra mi, mo kó o jáde ní GDS, ọ̀rẹ́ mi ṣí i nínú tiẹ̀, wáyà wà, géètì wà, àmọ́ àwọn orúkọ píìnì mi, ibi tí wáyà ìta ti ń so mọ́ ọn, ò sí ńbẹ̀. LVS tiẹ̀, ohun tó ń fi àwòrán wé netlist, ní òun ò mọ píìnì kankan. Ṣé ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ mi ni àbí tèmi? Túùlù kankan ò fún wa ní ẹ́rọ̀.

Ìdáhùn: Kò ní fún yín ní ẹ́rọ̀. Ẹ jẹ́ n sọ bí GDS ṣe rí, kó lè yé yín. GDS ò mọ ohun tó ń jẹ́ wáyà o, kò mọ metal (irin tí wọ́n fi ya wáyà), kò mọ píìnì. Nọ́ńbà méjì ló mọ̀, léyà, ìyẹn ipele tí àwòrán wà, àti datatype, tó ń sọ irú ohun tó wà lórí ẹ̀. Ẹ mú SKY130 tí gbogbo ayé lè rí: 68/20 ni metal àkọ́kọ́ tí wọ́n yà gan-an, 68/16 ni ibi tí píìnì wà lórí ẹ̀, 68/5 ni orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára. Lójú ẹni tó mọ̀, mọ̀lẹ́bí kan ni gbogbo 68 yìí. Lójú túùlù tí wọn ò sọ fún, àlejò mẹ́ta ni wọ́n. Fáìlì kékeré kan ló ń túmọ̀ wọn, léyà máàpù, túùlù kọ̀ọ̀kan ló sì ní bó ṣe ń kọ tiẹ̀. Bí ìlà kan bá sọnù nínú léyà máàpù yẹn, gbogbo nǹkan tó wà lórí léyà ọ̀hún ò ní jáde, ohun tí wàá rí ò ju ìkìlọ̀ kan lọ nínú lọ́ọ̀gì tí ìkìlọ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta wà.

Mo mọ̀ ọ́n torí ó ti ṣe mí rí. Níbi iṣẹ́ kan tí mo wà, ọjọ́ díẹ̀ péré ló kù ká fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fáàbù, ẹnì kan yí ẹ̀dà túùlù padà, ó da léyà máàpù kọ látorí ti àtijọ́, ó fo ìlà kan. Ìlà ọ̀hún ló ń gbé ihò tó so metal kejì mọ́ ìkẹta jáde. A ṣí GDS, ó rẹwà, gbogbo wáyà wà níbi tó yẹ. A sun-ún mọ́ ọn, ó ṣì rẹwà, torí ta ló ń wo ihò tí kò sí? Òru ni LVS parí, ó ní wáyà tó já ju èyí tó so lọ. Gbogbo wa wò ó, a ní LVS ló ń ṣiwèrè. Wákàtí mẹ́rin la fi bá LVS jà kí ọmọ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tó ní ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà léyà tó wà nínú fáìlì yìí ò dín kan báyìí? Títí dòní mi ò kí i dúpẹ́ tó.

Torí náà, ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ, ẹ ka nọ́ńbà. Ẹ ní kí túùlù ka iye léyà/datatype tó wà nínú fáìlì nígbà tó jáde, kẹ́ ẹ tún ní kó kà á nígbà tó wọlé níbòmíì. Tí iye méjèèjì ò bá dọ́gba, ẹ ti rí olè.

Ìbéèrè: Ṣé GDS àbí OASIS? Ìdáhùn kúkúrú ni mo fẹ́.

Ìdáhùn: Kúkúrú: fáìlì àwòrán ṣíìpù ni méjèèjì, èyí tí fáàbù yín bá ní kẹ́ ẹ mú wá ni. Àmọ́ ẹ fún mi láyè díẹ̀, mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí.

Ọdún 1978 ni ilé iṣẹ́ Calma gbé GDS II jáde, ayé téèpù la wà nígbà yẹn, ó ṣì ń hàn lára ẹ̀. Ẹ ṣí èyíkéyìí nínú wọn pẹ̀lú ohun tó ń fi báìtì hàn, báìtì mẹ́fà àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ 00 06 00 02 02 58. Méjì àkọ́kọ́ ní báìtì mẹ́fà ni mí, méjì tó tẹ̀ lé e ní èmi ni olórí fáìlì, méjì tó kù ni nọ́ńbà ẹ̀dà, 600. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ títí dópin, kálukú ń sọ gígùn ara ẹ̀, lẹ́yìn náà irú ẹni tó jẹ́, lẹ́yìn náà ẹrù tó gbé. Ó rọrùn débi pé èèyàn lè kọ ohun tó máa kà á láàárín ọjọ́ kan. Mo gbà pé ìrọ̀rùn yẹn ló jẹ́ kó pẹ́ láyé, ju ìpàdé kankan lọ.

Ìnáwó ẹ̀ wá wà níbi títóbi. Igun mẹ́rin kan péré, ẹ bá mi kà á: báìtì mẹ́rin láti sọ pé mo fẹ́ yà, mẹ́fà fún léyà, mẹ́fà fún datatype, mẹ́rìnlélógójì fún àwọn igun torí igun àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ padà wá lẹ́ẹ̀kejì kó lè pa á dé, mẹ́rin láti sọ pé ó parí. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta báìtì fún igun mẹ́rin kan! Ṣíìpù òde òní ń ní wọn ní bílíọ̀nù. OASIS, tó di stáńdáàdì P39 ti SEMI, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ṣíìpù, ní tiẹ̀ máa ń rántí ohun tó sọ kẹ́yìn, tí léyà ò bá yí padà kò ní tún un sọ, tí fífẹ̀ ò bá yí padà kò ní tún un sọ, ibi tó wà nìkan ló máa kọ, nọ́ńbà kékeré á sì gba àyè kékeré. Ohun tí wọ́n fojú sùn nígbà tí wọ́n ń ṣe é ni kí fáìlì kéré sí ti GDS ní ìlọ́po mẹ́wàá. KLayout, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ń ka méjèèjì, ẹ kó fáìlì kan jáde lọ́nà méjèèjì kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i.

Ìbéèrè: Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú kí ìwọ tó bẹ̀rẹ̀, mo sì ń ka gbogbo bó o ṣe ń yin stáńdáàdì "open", tí wọ́n ní ó ṣí fún gbogbo ayé, yìí. Ta ló ṣí i? Àwọn tó ń ta túùlù náà ló kọ stáńdáàdì, àwọn náà ló ń jókòó sínú ìgbìmọ̀, àwọn náà ló ń ya kúrò tó bá wù wọ́n. Sọ òótọ́ fáwọn ọmọdé yìí.

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin àgbà. Òótọ́ lẹ sọ, mi ò sì ní bá yín jiyàn lórí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tá à ń pè ní open lónìí, ilé ẹnì kan ló ti jáde. Liberty, Synopsys, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta túùlù, ló ni ín, SDC náà. LEF àti DEF wá láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Tangent, Cadence, tí òun náà ń ta túùlù, rà á, nígbà tó yá ó jẹ́ kí Si2, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ṣíìpù tó ń bójú tó stáńdáàdì, máa pín kóòdù tó ń kà wọ́n. Verilog náà, ilé Gateway ló ti jáde, Cadence rà á, ó sì tì í mọ́lé.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ìdí tí Cadence fi ṣí Verilog. VHDL ti di stáńdáàdì IEEE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà, láti 1987, ìjọba Amẹ́ríkà ló wà lẹ́yìn ẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń sọ pé àwọn ò fẹ́ èdè tí ẹnì kan ṣoṣo ni. Cadence rí i pé bí òun bá di Verilog mú ṣinṣin, yóò kú mọ́ òun lọ́wọ́. Ní 1990 ó tú u sílẹ̀, ó di IEEE 1364 ní 1995. Kì í ṣe àánú ló ṣe é o, ẹ̀rù ni. Lójú tèmi, kò burú kó jẹ́ ẹ̀rù. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ tán, ṣé ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé lè mú ìwé ẹ̀, kó kọ túùlù tiẹ̀, kí wọ́n má sì pè é lẹ́jọ́? Ti Verilog, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà á mọ̀ pé túùlù tó jáde látinú ìyẹn ò kéré.

Ibi tí mo ti gbà fún yín pátápátá ni ọ̀rọ̀ iná, ìyẹn fáìlì tó ń sọ apá ibo nínú ṣíìpù ló lè sùn, apá ibo ni kò gbọ́dọ̀ sùn. Láàárín oṣù díẹ̀ nínú 2007, méjì ló jáde: UPF láti ọ̀dọ̀ Accellera, ẹgbẹ́ míì irú Si2, àti CPF tí Cadence gbé fún Si2. Nǹkan kan náà ni wọ́n ń sọ! Àwa tá à ń ṣiṣẹ́ wá ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àtúnṣe kan nínú tibí, ẹ ti gbàgbé láti ṣe é nínú tọ̀hún. UPF di IEEE 1801 ní 2009, ẹ̀dà ti 2013 wá gba nǹkan wọlé látinú CPF, ìjà sì rọlẹ̀. Ọdún mélòó la fi jẹ ìyà ìjà tí kì í ṣe tiwa?

Ẹ̀yin náà á rántí OpenAccess. Èrò tó wà ńbẹ̀ wù mí gan-an: dípò kí túùlù méjì máa ju fáìlì síra wọn, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa fi kóòdù kan náà ka dátà kan náà, ẹni tó ń kọ àti ẹni tó ń kà ò tún lè túmọ̀ ẹ̀ lọ́nà méjì. Cadence ló fi dátábéèsì náà sílẹ̀, Si2 ń bójú tó o. Ó dáa, àwọn túùlù gbà á, dátà wọlé. Wọ́n wá débi PCell, ìyẹn tíránsístọ̀ tó ń ya ara ẹ̀ nígbà tó o bá sọ gígùn àti fífẹ̀ fún un. Èdè SKILL ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, SKILL sì jẹ́ ti Cadence. Dátà ṣí, ohun tó ń bí dátà ò ṣí. Torí ìyẹn ni àwọn tó kù fi kóra jọ ní 2007, wọ́n pera wọn ní IPL, wọ́n ní kí wọ́n máa fi èdè Python kọ PCell. Mi ò mọ ohun tó tún lè fi yéni ju èyí lọ pé kí ilẹ̀kùn ṣí yàtọ̀ sí kéèyàn rí inú ilé.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ṣé tí mo bá ń lo túùlù open source, tó ṣí kóòdù ẹ̀ sílẹ̀, mo ti bọ́ nínú gbogbo èyí?

Ìdáhùn: Rárá o. Túùlù ọ̀fẹ́ lọ̀tọ̀, fáìlì tó ṣí lọ̀tọ̀. Túùlù Magic tó ti Berkeley jáde láti àwọn ọdún 1980 ní fọ́máàtì tiẹ̀ tí túùlù míì ò fi bẹ́ẹ̀ kà, ọ̀fẹ́ ló sì wà. Àmọ́ ẹ wo ọ̀nà kejì: nígbà tí Google àti fáàbù SkyWater gbé SKY130 sílẹ̀ ní 2020, kí ló wà nínú àpò náà? Liberty, LEF, GDS, SPICE, Verilog. Ìdí nìyẹn tí OpenROAD, túùlù ọ̀fẹ́ tí owó DARPA, àjọ ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ní 2018, fi rí i lò, tí àwọn tó ń lo túùlù olówó ńlá náà sì fi rí i lò. Kí á ní tí àwọn fọ́máàtì yẹn bá wà nínú àpótí títì ni, àwọn tó kọ OpenROAD ì bá tiẹ̀ rí ibi bẹ̀rẹ̀? IHP, ilé ìwádìí ṣíìpù ní Jámánì, náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú PDK tiwọn, SG13G2.

Ìbéèrè: A jẹ́ mẹ́rin, a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣíìpù kékeré. Láísẹ́ńsì túùlù tá à ń lò á parí lọ́dún tó ń bọ̀, a ò mọ̀ bóyá òun náà la máa tún rà. Kí la máa ṣe láti ìsinsìnyí tí iṣẹ́ wa ò fi ní há sínú ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire o. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí tí dátà yín ò tíì pọ̀, ó dáa jù.

Ẹ má gbà kí dátábéèsì túùlù jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí iṣẹ́ yín wà. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dé ibi tí nǹkan dúró dáadáa, ẹ kó o jáde: Verilog, DEF, SPEF, GDS tàbí OASIS, pẹ̀lú SDC àti UPF tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ. Kíkó jáde nìkan ò tó, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí nìyẹn. Ẹ kó o wọ inú túùlù míì, ẹ tún kó o jáde látibẹ̀, kẹ́ ẹ fi XOR, tó ń fi ibi tí àwòrán méjì ti yàtọ̀ hàn, wé méjèèjì. Òfo ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe é, ẹ ò ní rí òfo, mo fi dá yín lójú, ẹ má bara jẹ́, ẹ kàn máa tọ ipasẹ̀ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún rántí pé igun mẹ́rin àti igun púpọ̀ ni XOR ń wò, kì í wo orúkọ tẹ́ ẹ kọ sára píìnì, LVS ló máa bá yín mú ìyẹn. Fún netlist, ẹ jẹ́ kí ohun tó ń wá ìdọ́gba ọgbọ́n ṣe é, ojú ò lè kà á.

Ẹ ṣọ́ra fún SDC. Nítorí pé Tcl, èdè ìkọ́òdù kan, ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ó máa ń wu èèyàn láti fi lúùpù sí i, kó fi àṣẹ tó jẹ́ ti túùlù kan ṣoṣo sí i, ó máa ń dùn lọ́jọ́ yẹn. Túùlù míì á ní òun ò mọ àṣẹ yìí, tàbí, èyí tó burú jù, á fò ó kọjá. Bẹ́ ẹ bá ní ọgbọ́n Tcl tẹ́ ẹ fẹ́ dá, ẹ dá a sínú fáìlì ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tẹ SDC gbẹrẹfu jáde.

Kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà ẹ̀dà sílẹ̀. LEF ní ìlà VERSION lókè, 5.7 tàbí 5.8 lẹ máa sábà rí, DEF náà ní tiẹ̀ pẹ̀lú DIVIDERCHAR àti BUSBITCHARS tó ń sọ àmì wo ló pín orúkọ àti àmì wo ló yí nọ́ńbà ká. Mo ti rí i tí ẹnì kan ń fi "/" pín orúkọ nínú DEF, tí SPEF tó tẹ̀ lé e ń fi "." pín in, túùlù tó ń ka méjèèjì pọ̀ ò wá ráwọn wáyà tó ń wá mọ́, ó fi iye tí òun fojú bù rọ́pò, ó sì ní ṣíìpù yá dáadáa. Àárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ ṣí fáìlì mẹ́ta yìí, LEF, DEF àti SPEF, kẹ́ ẹ gbé orí wọn síra.